Kọ̀ǹpútà Tuntun Tí Ó Ń Ṣi Owó Kà

Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ń gbé lẹ́jà wọn kúrò nínú ìwé lọ sínú kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i, inú wa sì dùn sí i. Púpọ̀ nínú wọn kì í ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti tò pọ̀. Wọ́n máa ń ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jà, bóyá ní Computer Village ní Ìkẹjà, wọn a sì pe oníṣẹ́ kan kí ó tò ó fún wọn. Èyí máa ń dín owó kù, a kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó lè wà lára irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti tò ó, tí àwọn èèyàn kì í tètè mọ̀. Òun ni a fẹ́ là yé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, pàápàá ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a lọ yẹ ìwé owó wọn wò, kọ̀ǹpútà wọn kò tíì pé oṣù kan. Nígbà mìíràn yóò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsí wàhálà. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ yóò dédé di búlúù, yóò kú, yóò tún ara rẹ̀ tàn. Fáìlì tí wọ́n ṣí lánàá kò ní ṣí mọ́ lónìí. Oníṣẹ́ ti fi Windows tuntun sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alága ní iná ìjọba ni ó ń dà á láàmú, akápò ní fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ RAM.

Kí ni RAM? Háàdì inú kọ̀ǹpútà dà bí àpótí tí a ń kó ìwé sí, tí a sì ń tì lálẹ́. RAM ni tábìlì tí akọ̀wé ń jókòó sí. Ìwé tí a bá fẹ́ kọ nǹkan sí, orí tábìlì ni a óò kọ́kọ́ gbé e wá, ibẹ̀ ni a óò ti kọ ọ́, kí a tó dá a padà sínú àpótí. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì náà pòórá. Kò sí iye owó kan nínú lẹ́jà yín tí kò ní gba orí tábìlì yìí kọjá, ì báà ṣe owó ìfipamọ́, owó ìpín tàbí gbèsè.

Kọ̀ǹpútà kì í sì kọ nọ́ńbà bí àwa ti ń kọ ọ́. Ẹ ro RAM bí ọ̀wọ́ gílóòbù tí a lè tàn tàbí kí a pa. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, iye náà sì ń lọ ní ìlọ́po méjì-méjì: 1, 2, 4, 8, 16, títí dé 8,192, 16,384 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti kọ ₦25,000, kọ̀ǹpútà yóò tan gílóòbù 16,384, 8,192, 256, 128, 32 àti 8. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé ó pé. Wàyí o, bí gílóòbù 8,192 nìkan bá kú fúnra rẹ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́ náà ti di ₦16,808. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Bí ẹ bá sì ní kí ó ro àpapọ̀ lẹ́yìn náà, àpapọ̀ yóò bá iye tí kò tọ́ yìí mu, nítorí òun náà ni ó rò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé à ń dẹ́rù ba òun, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi ìdìbò ní orílẹ̀-èdè Belgium ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Ní Schaerbeek, lágbègbè Brussels, kọ̀ǹpútà fi ìbò 4,096 kún ti olùdíje kan. Wọ́n fura nítorí pé iye náà kọjá ohun tí ó lè ṣeé ṣe. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ àwọn tí ó kọ ètò ìdìbò náà. Ohun tí wọ́n parí èrò sí ni pé ó jọ pé gílóòbù kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú RAM. Ẹ ó sì rí i pé 4,096 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iye onílọ́po méjì wọ̀nyẹn. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. RAM tí ó bàjẹ́, tàbí tí a tò láìdára, lè máa ṣe é lójoojúmọ́.

Bí ẹ bá ti rí àwọn àmì tí a kà sókè yìí, ẹ dá kíkọ owó sínú kọ̀ǹpútà náà dúró. Ẹ padà sí lẹ́jà ọlọ́wọ́. Ẹ má ṣe da fáìlì inú rẹ̀ kọ lé èyí tí ẹ ti tọ́jú síbòmíràn tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ lè fi èyí tí ó bàjẹ́ pa èyí tí ó dára rẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ tún fi Windows tuntun sí i. Windows náà yóò gba inú RAM kọjá kí ó tó dé háàdì, yóò sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni eré tí RAM ń sá. Iye tí ẹ rí lára páálí rẹ̀, bí 3,200 tàbí 6,000, kì í sábà jẹ́ eré tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú DDR5, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 4,800. Oníṣẹ́ ni ó máa ń wọ inú BIOS láti tan ohun tí Intel ń pè ní XMP tàbí èyí tí AMD gbé jáde ní 2022 tí wọ́n pè ní EXPO, kí RAM lè sá dé iye ara páálí. Àwọn kọ̀ǹpútà kan ń gbà á, àwọn mìíràn kò gbà á. Ẹ ní kí ó pa á, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣírò owó àwọn èèyàn kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje. Nínú iṣẹ́ lẹ́jà ẹ kò tilẹ̀ ní mọ ìyàtọ̀.

Bí ìyẹn kò bá wò ó sàn, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí a fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, kí a sì yọ RAM. Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a tẹ̀ ẹ́ títí ìdè ẹ̀gbẹ́ ihò náà yóò fi dún. Àìwọlé dáadáa yìí ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin tí RAM sì jẹ́ méjì, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ihò kejì àti ìkẹrin ni kí a lò, bí a bá ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU. Ìwé tí ó bá bọ́ọ̀dù wá yóò sọ èyí tí ó tọ́. RAM tuntun kan àti tòkunbọ̀ kan tí a so pọ̀ nítorí pé orúkọ wọn jọra kì í sábà bára wọn gbé.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. MemTest86 àti Memtest86+ jẹ́ ọ̀fẹ́. Orí fláàṣì ni a ń gbé wọn sí, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ kí Windows tó jí, kí Windows má bàa jókòó sórí apá tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Windows náà ní ìdánwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kò le tó. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ní alẹ́ tí ẹ ní ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀, nítorí bí iná bá lọ ní agogo mẹ́ta òru, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Oníṣẹ́ tí ó bá sọ fún yín pé méjì tàbí mẹ́ta kò burú, òun kọ́ ni ó máa dá owó padà fún ọmọ ẹgbẹ́.

Bí àṣìṣe bá jáde, kí a yẹ RAM wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nínú ihò kan náà. Bí ẹyọ kan bá kùnà tí èkejì yege, a ti mọ ọ̀daràn. Bí ẹyọ méjèèjì bá ń kùnà nínú ihò kan, tí wọ́n sì ń yege nínú òmíràn, kí a wo bọ́ọ̀dù tàbí bí a ti fi CPU jókòó: ẹsẹ̀ tín-ín-rín tí ó tẹ̀, tàbí fáànù tí a dè le jù, lè fa èyí. Bí olúkúlùkù bá yege ní òun nìkan tí wọ́n sì kùnà nígbà tí wọ́n wà pọ̀, kí a dín eré wọn kù sí i, tàbí kí a wá BIOS tuntun fún bọ́ọ̀dù náà. Iná kò gbọdọ̀ lọ nígbà tí a bá ń fi BIOS sí i. Bí gbogbo wọn bá yege mọ́jú tí kọ̀ǹpútà sì ń kú síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ RAM. Kí a yẹ ibi tí iná ń gbà wọlé, háàdì àti ooru wò.

Ohun kan wà tí ó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo DDR5, nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tàn án, ojú rẹ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ń mọ RAM rẹ̀ ni. Ẹ má ṣe pa á.

Ní ẹgbẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan nínú méjì ni ó bàjẹ́. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò gba ìdajì wákàtí. Ohun tí ó gba ọjọ́ méjì ni fífi pásíbúùkù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wé lẹ́jà inú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tàn án. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ni pásíbúùkù rẹ̀ kò bá kọ̀ǹpútà mu. Pásíbúùkù ni ó tọ̀nà, a sì dá iye rẹ̀ padà. Ká ní wọ́n ti sun lẹ́jà ọlọ́wọ́ níná, kí ni wọn ì bá fi gbè é lẹ́sẹ̀? Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ méjèèjì pọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, lẹ́yìn tí ìdánwò bá ti yege.

Ní ti ríra, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹtajà kọ iye ọjọ́ tí ó fi lè gba RAM padà sára risíìtì, kí ẹ sì ṣe ìdánwò náà kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé. Ẹ fi fóònù ya àwòrán àṣìṣe tí ó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí ó lè rí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé méjì-méjì ni a ń tà á nínú páálí kan, méjèèjì ni kí ẹ dá padà.