Kí A Tó Gbóhùn Ọmọ

Aago méjì òru ti kọjá nígbà tí agbẹ̀bí àgbà ṣílẹ̀kùn yàrá ìrọbí fún mi ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn. Ìyá ọkọ kan wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbá báàgì aṣọ ọmọ mọ́yà, ó ń tún àdúrà kan ṣoṣo gbà: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà nínú yàrá náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ìyàwó màmá yẹn, tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti kọjá, ni wọ́n gbé e fún. Bẹ́líìtì méjì wà níkùn rẹ̀. Ọ̀kan ń mọ ìgbà tí ilé ọmọ bá sún kì. Èkejì ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wá ọkàn ọmọ rí. Ìlù ọkàn náà gba gbogbo yàrá, ó ń yára bí ọmọ odó tí a fi ń gún ata. Bébà ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀.

Mo tẹjú mọ́ nọ́ńbà tó ń yí: 142, 137, 148, 140. Àyà mi já. "Mà, ṣé kò yẹ kó dúró sójú kan ni?"

"Èyí tó bá dúró sójú kan gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ó dáhùn. Ó fa bébà náà sábẹ́ iná. "Láàárín 110 sí 160 ni ọkàn ọmọ inú máa ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n má wo iye yẹn nìkan. Wo bí ìlà yìí ṣe ní eyín bí ayùn. Tí eyín yẹn bá ń lọ sókè-sódò láàárín 5 sí 25, ọpọlọ ọmọ ń rí atẹ́gùn."

Mo rántí àwọn obìnrin tó ń pọnmi lódò. Ní gbogbo ìṣísẹ̀, ọrùn wọn ń yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ìkòkò kò sì já. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ọmọ ṣe ń tọ́jú ọkàn: iṣan kan ń lé e sáré, òmíràn ń ní kó rọra. Bí atẹ́gùn bá wọ́n, tí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ìyẹ̀ kékeré yẹn á dáwọ́ dúró, ìlà á sì tẹ́jú. Ní 1963, Edward Hon àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé nínú àwọn ọmọ tó kú sínú, ìyípadà ti wà láàárín ìlù kan sí èkejì kí iye ìlù ọkàn fúnra rẹ̀ tó yí padà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ìlà náà tẹ́jú lójú wa.

Agbẹ̀bí kò pariwo. Ó wo aago. Ó wo ìwé: wọn kò fún ìyá ní abẹ́rẹ́ ìrora, tó lè mú ọmọ tòògbé. Ó rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn dáadáa dé ibi ọmọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń ṣọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí kọ̀ọ̀kan.

"Bí inú bá ti mú un, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ á dín kù. Ọmọ tó lágbára á faradà á bí ẹni tó mòòkùn lábẹ́ omi, á tún mí. Tí ìlù ọkàn bá ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí, tó ń pẹ́ kó tó padà, tí ìlà sì tẹ́jú, mo ti ń pe dókítà nìyẹn."

Ìlà kò lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, eyín ayùn náà yọ padà. Oorun ni ọmọ ń sùn.

Mo wá mọ ìdí tí ẹ̀rọ nìkan kò fi tó. Ìwádìí fi hàn pé ó ń dín gìrì àwọn ọmọ tuntun kù, ó sì ń mú kí iṣẹ́ abẹ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò tíì dín iye àwọn ọmọ tí ara wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí ọpọlọ tó fara pa kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ní kí a de gbogbo aláboyún mọ́ ọn. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kí a tẹ́tí sí ọkàn ọmọ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 kọ̀ọ̀kan, àti ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tó bá ń ti ọmọ jáde. Ohun tí a jẹ gbogbo wọn ní gbèsè ni ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tí yóò gbọ́, tí yóò sì mọ ohun tó gbọ́.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí ọmọ náà ké. Níta, màmá bú sórin; àwọn ará ilé ń kí ara wọn, "Ẹ kú ewu ọmọ!"

Agbẹ̀bí ti wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó gbé fèrè igi lé ikùn aláboyún mìíràn, irú èyí tí Adolphe Pinard, ará Faransé, ṣe ní 1895, ó sì fi etí lé e. Ojú rẹ̀ wà lára aago. Ó na ọwọ́ kan sí wa pé kí a dákẹ́.