Ibùdókọ̀ Ojú Irin Màrínà: Ogójì Ọdún Kí Ọkọ̀ Tó Dé

Kò sí ojú irin kankan tí ó gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la rélùwéè láti Èkó ní 1896, Abẹ́òkúta ni ó gbà dé Ìbàdàn ní 1901, kí ó tó forí lé Òṣogbo àti Ìlọrin. Mọ́tò ni àwa ọmọ Igbótako fi ń kó epo pupa, gàrí àti pupuru lọ sí Èkó. Bí a bá sì dé Èkó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ a tún dá wa dúró. Ìdí nìyí tí ìtàn ibùdókọ̀ Màrínà, tí ó wà létí ọ̀sà ní Erékùṣù Èkó, fi kàn wá.

Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà láti 1979 títí di òpin 1983, ni ó kọ́kọ́ ṣètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó. Àwọn ológun gbàjọba, nígbà tí ó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari wọ́gi lé iṣẹ́ náà. Owó tí a sábà máa ń gbọ́ pé Èkó pàdánù lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ìyà tí àwọn èrò jẹ lójú pópó láti ìgbà náà kò ṣeé kà.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lábẹ́ Gómìnà Babatunde Fashola ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó sì gbà á ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, ni ó ṣí i. Jakande kò rí i. Ó ti papòdà ní 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Orí òpó ni ibùdókọ̀ náà dúró. Èrò yóò gun àtẹ̀gùn, yóò fi káàdì Cowry kan ẹnu géètì, kí ó tó dé pèpéle tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Ẹ̀rọ agbénigòkè wà fún arúgbó àti aláìlera. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sójú irin, nítorí iná mànàmáná tí ń fa ọkọ̀ wà nínú irin kẹta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Màrínà, ọkọ̀ gba orí omi kọjá, ó dúró ní Tíátà Ìgànmú, Orílé àti Súrù-Aláàbà, ó sì dé Mile 2: ibùdó 5, kìlómítà 13. Wọ́n ṣètò pé yóò dé Òkókómáíkò, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò ní Òkìtìpupa tàbí l'Ékòó, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí yóò dá sílẹ̀ nìkan. Ẹ bi í pé, èwo nínú iṣẹ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ni yóò parí? Ogójì ọdún ni èsì ìbéèrè yẹn ná Èkó.