Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Jẹjẹrẹ lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí inú tó wú, kí ẹyinjú tó ní àwọ̀ ìyeyè, kí aláìsàn tó máa rù. Nígbà tí ìwọ̀nyí bá hàn, ìtọ́jú a ti ṣòro. Nítorí èyí ni àwọn dókítà ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wá ni kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B, èyí tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B. Òun ni ó wà nídìí púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó lè ti ara ìyá ran ọmọ nígbà ìbímọ, abẹ tí ẹlòmíràn ti lò sì lè gbé e kiri. Bí wọ́n bá rí i lára aboyún, kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè; ó lè ti wà lára rẹ̀ láti kékeré.

Ohun kejì ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní AFP. Ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ni ó ń ṣe é; lẹ́yìn ìbí, yóò dín kù títí yóò fi ku díẹ̀ kíún. Ní ọdún 1964, Yuri Tatarinov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, kéde pé òun rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n AFP nìkan kò tó dájọ́. Ó máa ń pọ̀ lára aboyún, ó sì lè má pọ̀ lára ẹlòmíràn tó ní jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe síkáànù mọ́ ọn.

Ẹ̀jẹ̀ a tún máa jẹ́rìí sí ohun tí a jẹ. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu lè ní májèlé tí ń jẹ́ aflatoxin, iná ìdáná kì í sì í pa á tán. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Gambia kéde pé àwọn rí irú àpá tí májèlé yìí máa ń dá sára apilẹ̀ àbùdá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Bí ẹ bá ra ẹ̀pà ní Ọjà Ọba, ẹ ṣa èyí tó bu dànù. Ẹ má ṣe fi ṣe kúlíkúlí. Ẹ sá ìyókù kí ó gbẹ dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B láàárín wákàtí 24 tí a bí i, ì báà jẹ́ ilé ni a bí i sí, kí ó sì gba ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kí bàbá àti ìyá náà ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí wọ́n bá rí àrùn náà lára rẹ̀, kí ó má ṣe sá pamọ́. Oògùn tí ń dín agbára rẹ̀ kù wà. Dókítà lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyi. Bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá wà nínú ewu, kí ó máa ṣe síkáànù àti àyẹ̀wò AFP ní oṣù 6-6. Jẹjẹrẹ tí a tètè rí ni a lè tètè gbógun tì.