Ajá Aládùúgbò Tí Ìyà Ń Jẹ: Ìgbàlà Ni, Tàbí Olè?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ariwo bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ajá tí bàbá kan máa ń so mọ́ ìdí igi máńgòrò, Tańmọ̀la ni orúkọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti mọ ẹni tí ó tú u lóru: obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn rí. Kò sẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí n kò rí omi nínú abọ́ rẹ̀. Ojú mi kò gbà á mọ́.” Bàbá wò ó, ó ní, “Ìyá Bísí, bí ọmọ mi bá rù, ṣé wàá wá gbé òun náà lóru ni?”

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin arábìnrin mi, èwo nínú wọn ni ó jàre?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn obìnrin náà ni mo kọ́kọ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tí a tú ọ̀rọ̀ náà wò, a gbọ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni bàbá ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, àti pé ọmọkùnrin tí ó fún lówó oúnjẹ ajá ti fi owó náà jẹ búrẹ́dì. Dókítà ẹranko tún sọ pé aràn ni ó mú kí egungun ìhà ajá náà yọ síta tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Bísí kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, nítorí kò kan ilẹ̀kùn ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, n kò fọ bàbá mọ́: egbò tí ṣẹ́ẹ̀nì dá sí ọrùn Tańmọ̀la kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin.

Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ṣe fún ìhà gúúsù Nàìjíríà, ẹran ọ̀sìn tí ó jẹ́ ti ẹnì kan jẹ́ ohun tí a lè jí. Ẹni tí ó bá mú un pẹ̀lú èrò pé kò ní padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín mọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 gbára. Apá 495 ìwé kan náà sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ìyà tí kò nídìí jẹ ẹranko, ì báà ṣe nípa ohun tí a ṣe tàbí ohun tí a kọ̀ láti ṣe: ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì. (Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ₦50 lè rà lọ́jà lónìí?) Àwọn méjèèjì ni òfin lè mú, ṣùgbọ́n ti Ìyá Bísí ni ó wúwo jù.

Ohun tí ó dùn mí jù ni òru tí ó fi ṣe é. Ì bá ti gbé omi lọ bá ajá náà ní ọ̀sán gangan, kí ó béèrè ẹni tí ó wà nílé, kí ó mú àgbà àdúgbò kan dání lọ bá bàbá. Ì bá tilẹ̀ ra ajá náà. Bí ẹranko bá ń kú lọ tí a kò rí ẹni tí ó ni ín, èmi yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹlẹ́rìí méjì, n óo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó wà. Bí wọ́n bá pè mí lólè lẹ́yìn ìyẹn, n óo gbà á.

Ohun mìíràn tún bà mí lẹ́rù. Inú ilé ìdáná, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ni ó so ajá náà mọ́. Ajá tí kò mọ̀ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi! Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Epo pupa kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí àìsàn náà bá ti hàn lára, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó yè é.

Tańmọ̀la ti padà sí ìdí máńgòrò. Bàbá ti ju ṣẹ́ẹ̀nì nù, ó ra okùn awọ fífẹ̀ fún un, Ìyá Bísí sì ni ó ń bu omi fún un láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ àárín òun àti bàbá kò tíì ju “Ẹ káàárọ̀, sà” lọ.