Ta Ló Jókòó Lódìkejì Tẹ́tẹ́ Rẹ?

Ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024 ni mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá lè di owó. Ilé ìwobọ́ọ̀lù kan ní Ìdí-Orò, ní Mushin, ni mo wà, èrò kún orí bẹ́ǹṣì, à ń wo Super Eagles àti Côte d'Ivoire nínú àṣekágbá ife Áfíríkà. William Troost-Ekong ti fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa ní ìṣẹ́jú 38. Ní abala kejì, nígbà tí a kò tíì rí ohunkóhun lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa, a gbọ́ tí àwọn ará òpópónà kejì kígbe: "Háà!" Kì í ṣe igbe ayọ̀. Gbogbo wa pa lọ́lọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Kessié ti Côte d'Ivoire wá fi orí kan góòlù wọlé lójú tiwa. Dẹ́kódà tiwọn ló yá ju tiwa lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Manchester wà lórí fóònù pẹ̀lú mi. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ti dá ọjà dúró níbí kí ẹ tó pariwo." Mo bi í pé ọjà wo? Èsì tó fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà.

Ilé tẹ́tẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Bàbá mi a máa ta pọ́ọ̀lù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ kúpọ́ọ̀nù wọn sórí tábìlì, eré 49 ló wà lórí rẹ̀, wọn a sì máa wá èyí tí yóò parí sí ọ̀mì. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lọ ìsinmi, eré Ọsirélíà ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú, lọ́tìrì Premier Lotto ti Olóyè Kessington Adébùtù, níbi tí nọ́ńbà márùn-ún ti máa ń jáde nínú 90. Ní ọdún 2009 ni Akin Alabi dá NairaBET sílẹ̀, Bet9ja tẹ̀ lé e ní 2013, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sì wọ gbogbo òpópónà. Èmi náà gba ṣọ́ọ̀bù ní 2014, mo di éjẹ́ǹtì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó pa á tì.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí: ilé tẹ́tẹ́ ló ń dá ọ́ọ̀dù, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń sọ owó ẹni tó jẹ di púpọ̀, òun náà ló sì ń jẹ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó ẹyọ ṣe àpẹẹrẹ. A ó jù ú sókè, yálà kó fi orí balẹ̀ tàbí kó fi ìdí balẹ̀. Bó bá ṣe ti ẹ̀tọ́ ni, ẹni tó fi ₦1,000 ta á tó sì jẹ, ₦2,000 ló yẹ kó gbà. Ilé tẹ́tẹ́ kò ní pè é ní 2.00, 1.90 ni yóò pè é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bọ́lá fi ₦1,000 sí orí, Sùlé fi ₦1,000 sí ìdí. ₦2,000 wọ inú àpótí, ₦1,900 jáde, ₦100 kù sílẹ̀ fún onílé, ẹni yòówù kó jẹ nínú àwọn méjèèjì. Bí ọmọkùnrin kan bá wá to irú eré bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, èrè onílé ń gun orí ara wọn ni. Ní ti ìṣirò, ₦1,000 rẹ̀ ti di nǹkan bíi ₦600 kí eré àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn jáde, n kò sì mọ ìṣirò yìí nígbà náà.

Ọjà tẹ́tẹ́ tí àbúrò mi ń sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Andrew Black àti Edward Wray ló ṣí Betfair ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bí ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́. Níbẹ̀, onílé kì í dá iye. Àwọn èrò ọjà ló ń ná an láàárín ara wọn. Ẹni tó bá ti ra aṣọ rí ní Tẹ́júoṣó á tètè lóye rẹ̀. Ìyá aláṣọ pe ₦9,000, ìwọ dá ₦6,000, ẹ jọ ń fà á títí ẹ fi pàdé ní ₦7,500. Kò sí ìjọba kankan tó ní kó jẹ́ ₦7,500. Lórí ọjà tẹ́tẹ́, ẹnì kan ní "yóò ṣẹ," ẹnì kan ní "kò ní ṣẹ," níbi tí ẹnu wọn bá ti kò ni iye wà. Ẹni tó jẹ nìkan ló ń san owó ọjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá 5 nínú 100 èrè rẹ̀ ni Betfair ń gbà. Bí Bọ́lá àti Sùlé bá pàdé ní 2.00, ₦50 ni ọjà yóò mú, kì í ṣe ₦100.

Ìyàtọ̀ ńlá kejì ni pé ìwọ náà lè jókòó sí ipò ilé tẹ́tẹ́. Ká ní o sọ pé Super Eagles kò ní gba ife, o sì gba ₦1,000 ẹni tó ní wọn yóò gbà á, ní 6.00. Bí wọn kò bá gbà á, ₦1,000 rẹ̀ di tìrẹ. Bí wọ́n bá gbà á, ₦5,000 ni wàá san. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n ń wo ẹgbẹ̀rún kan tí yóò wọlé, wọn kò wo márùn-ún tó lè jáde.

Iye yẹn tún ní ohun tó ń sọ. 2.00 túmọ̀ sí pé ọjà gbà pé ìdajì-ìdajì ni, 4.00, ọ̀kan nínú mẹ́rin. Lórí Polymarket, tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí ìbò àti ìròyìn ayé, dọ́là kan ni wọ́n ń san bí ohun náà bá ṣẹ. Bí wọ́n bá ń rà á ní sẹ́ǹtì 60, ọjà ń sọ pé 60 nínú 100 ni. Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ti dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti 1988, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ju $500 lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjà kì í ṣe wòlíì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ gbà pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìdá 51.9 nínú 100 ti dìbò pé kí wọ́n kúrò. Nílé níbí náà, ta ni ì bá gbà lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023 pé Bọ́lá Tinúbú, tó ṣe gómìnà Èkó fún ọdún mẹ́jọ, yóò fìdí rẹmi ní Èkó nínú ìbò ààrẹ? Peter Obi tó bá a du ipò náà ní ìbò 582,454, Tinúbú ní 572,606. Ìyàtọ̀ náà kò tó 10,000.

Àwọn ọkùnrin méjì kan ní ọjà Ojúwòyè ti fi ₦20,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan ta tẹ́tẹ́ lórí ìbò náà láàárín ara wọn, wọ́n sì kó o sọ́wọ́ ìyá aláta kan. Nígbà tí èsì dé, ìjà dé. Ọ̀kan ní Tinúbú ló wọlé, òun ló jẹ, ó ṣe tán Tinúbú ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde. Èkejì ní Èkó ni àwọn ń sọ, Obi ló sì mú Èkó. Ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n gbé ẹjọ́ wá, torí mo ti ta tẹ́tẹ́ rí. Mo ní kí ìyá aláta dá owó oníkálukú padà fún un. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé tẹ́tẹ́ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kò nítumọ̀ bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé kí ni yóò ṣẹ, títí ọjọ́ wo, àti pé ẹnu ta ni a ó ti gbọ́ ọ.

Ewu tó tún ju ti ìjà lọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ńlá sí i pé ìbò kan yóò dàrú ti ní ìdí láti dà á rú. Ní ìlú tí a ti ń jí àpótí ìbò gbé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé wá ńkọ́? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ilé tẹ́tẹ́ ló wà lódìkejì. Lórí ọjà, ènìyàn bíi tìrẹ ló wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí dẹ́kódà tirẹ̀ yá ju tìrẹ lọ. Nítorí èyí ni Betfair fi máa ń dá tẹ́tẹ́ tí a bá ta nígbà tí eré ń lọ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó gbà á, kí ẹni tó ti rí góòlù má bàa yan ẹni tí kò tíì rí i jẹ. Nígbà ìbò Amẹ́ríkà ti 2024, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan jẹ owó tó lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là lórí Polymarket pé Donald Trump yóò wọlé. Kì í ṣe àlá ló lá. Ó ti fi owó ara rẹ̀ gba àwọn tó ń ṣèwádìí pé kí wọ́n bi àwọn olùdìbò pé ta ni aládùúgbò wọn yóò dìbò fún. Àwọn tó jókòó lódìkejì rẹ̀ kò mọ ohun tó mọ̀.

Ní Èkó, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005 ní àwọn ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó bá gbé ọjà tẹ́tẹ́ wá bá yín bóyá àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó ti fún un níwèé àṣẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Mushin, ẹ̀yin ará Surulere àti Yaba, ìbò 2027 ń bọ̀, wọn yóò sì máa fi iye hàn yín lórí fóònù pé lágbájá yóò wọlé. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka ìròyìn, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí o tó ta owó ọjà rẹ tàbí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ, bi ara rẹ léèrè: ta ló wà lódìkejì, kí ló sì mọ̀ tí èmi kò mọ̀? Bí o kò bá rí èsì rẹ̀, jọ̀wọ́, kó owó rẹ padà sí àpò.