Ilẹ̀kùn Tó Fò Kúrò Lára Ògiri

Ilé oníyàrá méjì ni mo ń yà nínú AutoCAD fún Technical Drawing, ọjọ́ yẹn gan-an la sì máa fi sílẹ̀. Mo ní kí n yí ilẹ̀kùn kan kó lè ṣí sínú yàrá. Bí mo ṣe tẹ Enter báyìí, ilẹ̀kùn fò kúrò lára ògiri, ó lọ dúró síta gbangba! Àwọn ará kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó fà á rèé. Tí ẹ bá tẹ RO, tí ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́ yí, kọ̀ǹpútà á béèrè base point. Ojú ibẹ̀ nìkan ni kò ní kúrò. Gbogbo ìyókù á máa yí i ká, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Èmi kàn tẹ ibi tó wù mí ni. Hínjì ló yẹ kí n mú.

Mo tẹ U, ó padà. Mo mú hínjì, mo kọ 90, ilẹ̀kùn tún ṣí síta. Àṣé nọ́ńbà lásán máa ń yí lódì sí ọwọ́ aago! -90 ló bá aago lọ.

Tí nǹkan bá dagun, tí ẹ ò mọ dígírì tó wà, ẹ tẹ R lẹ́yìn base point. Ẹ tẹ ìdí ìlà náà àti orí rẹ̀, kí ẹ wá kọ dígírì tí ẹ fẹ́ kó wà. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ (èyí ló dùn mọ́ mi jù).

Mo rí tèmi tẹ̀ jáde kí wọ́n tó pa jẹnẹrétọ̀.