Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Domain Yín?

Láti Ketu dé Mile 12, pátákó àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, JAMB àti ìforúkọsílẹ̀ CAC kò wọ́n lójú títì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi website àti hosting kún un. Ẹ bá sanwó ọdún kan, wọ́n á ní ìkànnì yín ti wà lórí server àwọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ni server ọ̀hún wà. Àyè ni wọ́n rà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun, tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ tà fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì àti oníṣòwò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń ta tòmátì ní Mile 12 kọ́ ló gbìn ín. Àmọ́ oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé òkè Ọya ló ti wá, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé Ikosi ni wọ́n ti ká a.

Àríyànjiyàn tó wà nídìí rẹ̀ ni bóyá ó yẹ kí ìkànnì wa máa gbé nílé. Ìjọba ti sọ tirẹ̀: láti ọdún 2013 ni ìlànà NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ní kí dátà ìjọba wà lórí server tó wà ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ta hosting gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sọ ọ́ di ìpolówó: ti ilé yá ju ti òkèèrè lọ.

Ó yá lóòótọ́. Ṣé ó wá tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀? Èkó sí London tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú okùn fáíbà sì ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, bó ti wù kí server lágbára tó, ojú ewé kan sì lè lọ kó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n Cloudflare àti irú wọn ní ẹ̀rọ nílùú Èkó tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwòrán àti fáìlì, tó fi jẹ́ pé ìkànnì tó wà ní Jámánì lè máa ti Èkó dáhùn. Ìfalẹ̀ tó bá kù, fọ́tò rẹpẹtẹ tí ẹni tó ṣe ìkànnì kò dín kù ló ń fà á, òkun kọ́.

Data centre gidi, ibi tí wọ́n ń kó server sí, wà nílé o. Rack Centre wà ní Oregun, kò jìnnà sí Ojota. Ẹ ṣáà bi ẹni tó ń ta hosting fún yín léèrè ibi tí tirẹ̀ wà, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Àǹfààní ti ilé tí mo gbà ni pé náírà lẹ ń san, ẹ sì lè pe ẹnì kan lórí fóònù. Àmọ́ dọ́là ni ẹni tó ń tà á fún yín fi ń ra àyè àti cPanel tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, nítorí náà láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó ọdún tó kọjá kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Unlimited tí wọ́n kọ gàdàgbà náà ní òpin. Ẹ ka ìlànà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí iye fáìlì tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Lójú tèmi, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ilé àti òkèèrè bo èyí tó ṣe kókó mọ́lẹ̀. Hosting tí kò dáa, ọjọ́ kan tàbí méjì lèèyàn fi ń kúrò níbẹ̀, bí ẹ̀dà fáìlì àti database bá ti wà lọ́wọ́ yín. Domain, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń ṣí ìkànnì yín, kò rí bẹ́ẹ̀. NiRA ló ń bójú tó .ng, àwọn registrar tó fọwọ́ sí ló ń tà á, orúkọ tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀. Wọn ò mọ ẹni tó sanwó. Ẹni tó ṣe ìkànnì sábà máa ń fi orúkọ àti email ara rẹ̀ rà á. Kì í ṣe olè nígbà gbogbo, ó kàn yá bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá wá jápa, ìkìlọ̀ pé domain fẹ́ kú á máa wọ inú email tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́.

Ti .com, bí registrar bá ti pa á rẹ́, 30 ọjọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ láti rà á padà, owó rẹ̀ a sì máa ju ti ìsọdọ̀tun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í pẹ́ tó fi ń padà sọ́jà, ẹni tí ẹ jọ ń ta ọjà kan náà sì lè rà á.